Kí Ni Àmì Orí Máàpù Ń Sọ Nípa Ekòló Ìsàlẹ̀ Òkun?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀fà mú máàpù kan wá bá mi ní Ìlọrin nígbà ìsinmi. Gbogbo òkun ayé ló wà lórí máàpù náà, wọ́n sì fi àmì pupa tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí àwọn ẹ̀dá gígùn aláìléegun kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ibú. Àmì náà pọ̀ lẹ́bàá Kalifọ́níà, ó pọ̀ lẹ́bàá Jàpáàn, ó wà lẹ́yọ lẹ́yọ láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú wa dé etíkun tiwa, láti Èkó títí dé Kàlàbá, a kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé wọn kì í gbé lọ́dọ̀ tiwa ni?"

Ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ, nítorí pé àwọn àgbàlagbà tó kàwé dáadáa náà máa ń ṣìnà lórí rẹ̀. Wọ́n á rí ibi tí àmì wà, wọ́n á ní ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀dá náà ń gbé. Wọ́n á rí ibi tó ṣófo, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àmì kan lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń sọ ibi tí ẹ̀dá náà wà, ó sì ń sọ ibi tí ọmọ ènìyàn ti dé láti wá a. Ẹni tí kò bá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ka máàpù náà sódì.

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Yorùbá ní ekòló fún èyí tó ń gbé inú ilẹ̀ tútù, ó ní aràn fún èyí tó ń gbé inú ikùn ènìyàn àti ẹran, ó sì ní ìdin fún èyí tó ń yọ lára ohun tó ti jẹrà. Èyí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ibú kò ní orúkọ lédè wa, nítorí pé kò sí baba ńlá wa kan tó rí ohun tí yóò fi dé ibẹ̀. Bí a bá pè é ní aràn, inú rírun àti oògùn aràn ni yóò máa wá sọ́kàn ẹni tó ń kà, ìyẹn yóò sì ṣì í lọ́nà. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí sínú agbo kan náà pẹ̀lú ekòló oko wa, agbo tí aràn inú ikùn kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ekòló òkun ni n ó máa pè wọ́n.

Láti 200 mítà lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ibú òkun, ibú yìí sì gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ayé. Ekòló òkun tó lókìkí jù lọ ń gbé ní nǹkan bí 2,500 mítà. Bí a bá ní kí ènìyàn fẹsẹ̀ rin 2,500 mítà nígboro Ìlọrin, kò ní ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n bí ìrìn yẹn bá jẹ́ sísàlẹ̀ tààrà nínú omi, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà ni yóò rìn tí ibẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn débi pé ewéko kankan kò lè dàgbà níbẹ̀ mọ́, nígbà tó bá sì fi dé ìsàlẹ̀, omi tó wà lórí rẹ̀ yóò máa tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 250 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Ní 1843, Edward Forbes, onímọ̀ ará Bìrìtéènì, dábàá pé kò sí ẹ̀dá alààyè kankan ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 550 mítà. Ó ti kíyè sí i pé bí omi ṣe ń jìn ni ohun tó ń bọ́ sínú àwọ̀n rẹ̀ ń dín kù, ó sì gbà pé níbì kan yóò tán pátápátá. Ọkọ̀ Challenger, tó yí òkun ayé ká láti 1872 sí 1876, wọ́ ẹ̀dá alààyè jáde láti ibi tó jìn ju 5,000 mítà lọ. Forbes kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kàn mú ibi tí àwọ̀n rẹ̀ dé bí ibi tí ẹ̀dá parí sí.

Ẹbí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, èyí tí wọ́n ń pè ní Siboglinidae. Àwọn ọmọ ẹbí yìí kì í ní ẹnu tàbí ìfun nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà ló ń gbé inú ara wọn, òun ló sì ń bá wọn wá oúnjẹ. Nítorí náà, ibi tí ohun èlò bakitéríà bá wà nìkan ni ekòló náà lè gbé, a ó sì rí i pé ọmọ ìyá mẹ́ta lè ní máàpù mẹ́ta tí kò jọra rárá.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Riftia pachyptila. Ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin ló gbé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ dé àgbègbè rẹ̀ ní 1977, nítòsí erékùṣù Galápagos, níbi tí wọ́n ti lọ wá ìsun omi gbígbóná. Ekòló kò sí lọ́kàn wọn rárá. Wọ́n bá a níbẹ̀ lágbo-lágbo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró nínú ọ̀pá funfun tirẹ̀, tí àwọn mìíràn ga ju ènìyàn lọ, tí ìyẹ́ pupa kan sì yọ lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bí ogbe àkùkọ. Ẹ̀jẹ̀ ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá fara kan ìyẹ́ náà, ekòló yóò fà á wọ inú ọ̀pá bí ìgbín ṣe ń fa orí wọ inú karahun, àmọ́ kíákíá ni tirẹ̀. Ìyẹ́ yìí ló fi ń gba ọ́síjìn láti inú omi, òun náà ló sì fi ń gba gáàsì imí-ọjọ́ kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti dòbu, gáàsì tó jẹ́ májèlé fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ á gbé méjèèjì lọ fún bakitéríà, bakitéríà á sì fi wọ́n pèsè oúnjẹ láìsí oòrùn. Colleen Cavanaugh, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard nígbà náà, wà lára àwọn tó fi ẹ̀rí èyí hàn ní 1981.

Ẹni tó bá dàgbà ní Òmù-Àrán, Òró tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo yóò tètè lóye ibi tí Riftia ń gbé bí mo bá dárúkọ olú ọ̀gán. Ẹni tó ń wá olú yìí lẹ́yìn òjò kì í tú gbogbo igbó. Òkìtì ọ̀gán ló ń fojú wá, nítorí pé àwọn kòkòrò abẹ́ òkìtì náà ló ń tọ́jú ohun tí olú ti ń hù jáde. Níbi tí kò bá sí ọ̀gán, òjò lè rọ̀ títí, olú yẹn kò ní hù. Ìsun omi gbígbóná ni òkìtì ọ̀gán Riftia. Orí ìlà tí awẹ́ ilẹ̀ ayé ti ń ya kúrò lára ara wọn lábẹ́ òkun ni àwọn ìsun náà wà, wọ́n sì tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú pẹ̀lú àlàfo gígùn láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Omi tó ń tú jáde láti inú wọn lè gbóná ju 350°C lọ láìhó, nítorí bí omi òkè ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni ekòló náà ń dúró sí.

Báwo wá ni ẹ̀dá tí kò lè ṣí ẹsẹ̀ ṣe ń dé ìsun tó wà níwájú? Ọmọ rẹ̀ ló ń rìn. Ẹyin á di ọmọ kín-ń-kín tó ń léfòó, omi á sì máa gbé e lọ, ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ dì fún un ló sì ń jẹ lójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó lè wà láàyè bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 38, àti pé ìrìn tó lè rìn láàárín àkókò yẹn lè tó 100 kìlómítà bí omi bá ṣe é lóore. Bí ìsun mìíràn bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, ó lè ríbi balẹ̀ sí; bí kò bá sí, ó tán nìyẹn. Ní 1991, iná abẹ́ ilẹ̀ bú gbàmù ní ìlà òkè abẹ́ omi tó wà ní ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, ó sì pa ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, Riftia tó gùn tó 1.5 mítà ti kún ibẹ̀, torí pé wọ́n ń gùn ju 85 sẹ̀ǹtímítà lọ lọ́dún kan. Kò pẹ́ yìí náà, ní 2024, ni àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn fi ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì ká èèpo àpáta nítòsí àwọn ìsun yìí, àwọn sì bá ekòló òkun nínú ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí Riftia wà lára wọn. Ó jọ pé àwọn ọmọ kan ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Fún mi, èyí jẹ́ ìyanu gidi, nítorí pé a ti ń lọ sí àgbègbè yẹn láti bí ogójì ọdún ó lé, kò sì sí ẹni tó ṣí àpáta náà wò.

Ẹ wá wo òkun Àtìláńtíìkì. Láti 1985 tí wọ́n ti rí ìsun gbígbóná tí wọ́n ń pè ní TAG láàárín òkun náà, ọkọ̀ ti lọ síbẹ̀ àti sí àwọn ìsun mìíràn tó wà lórí ìlà kan náà láìmọye ìgbà. Wọ́n rí edé tó ṣù bo àpáta bí oyin ṣe ń ṣù bo afárá, wọ́n rí àwọn ẹ̀dá oníkarahun, ṣùgbọ́n Riftia kò sí. Omi ibẹ̀ gbóná, gáàsì imí-ọjọ́ wà níbẹ̀, ohun tó ń jẹ kò wọ́n. Ọ̀nà ni kò sí. Ìlà ìsun ti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì kò so mọ́ ti àárín Àtìláńtíìkì, gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù sì dábùú láàárín wọn. Ọjọ́ 38 kò lè gbé ọmọ kín-ń-kín yí gbogbo ìyẹn ká. Níhìn-ín, àìrí jẹ́ àìsí ní tòótọ́, ohun tó sì jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ láìfòyà ni pé wọ́n ti wá a níbẹ̀ dáadáa.

Ọmọ ìyá kejì ni àwọn Lamellibrachia àti Escarpia. Àwọn náà ń gbé inú ọ̀pá, àmọ́ wọn kò nílò omi gbígbóná. Ibi tí gáàsì àti epo ti ń rọra yọ́ jáde láti inú ẹrẹ̀ tútù ni wọ́n ń gbé. Nínú òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, àwọn onímọ̀ ṣírò ọjọ́ orí Lamellibrachia kan, wọ́n sì rí i pé ó lè lo ju 200 ọdún lọ láyé, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn kan wà láàyè lónìí tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Afọ̀njá tó kú ní Ìlọrin. Níwọ̀n bí ibi tí gáàsì ti ń yọ́ bá ti ń pẹ́ kó tó gbẹ, kò sí ìdí fún wọn láti kánjú dàgbà bíi Riftia.

Àwọn yìí ló sì dáhùn ìbéèrè ọmọ Ọ̀fà náà. Ibi tí epo àti gáàsì bá pọ̀ sí lábẹ́ òkun ni irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ta ni kò sì mọ̀ pé wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa? A ti rí ibi tí gáàsì ti ń yọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Sísàlẹ̀ díẹ̀, nítòsí Gàbọ̀n àti Kóńgò, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Regab, ní ibú tó lé ní 3,100 mítà, níbi tí ekòló tó ń gbé inú ọ̀pá gígùn ti hù bí igbó kékeré. Ní 2004 ni wọ́n fún èyí tó wà ní apá ibí yìí ní orúkọ, Escarpia southwardae. Nígbà tí wọ́n fi àbùdá rẹ̀ wé ti Escarpia òkun Mẹ́síkò, wọ́n rí i pé wọ́n súnmọ́ra débi pé ó ṣòro láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, bí ìbejì tí wọ́n tọ́ ní ìlú méjì. Òkun Àtìláńtíìkì tó dá Riftia dúró lẹ́nu ọ̀nà kò dá ẹbí rẹ̀ yìí dúró. Nítorí náà, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ẹni tó ya máàpù tí ọmọ náà mú wá kò fi wọ́n sí i.

Ọmọ ìyá kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn baba wa fún ẹja ńlá inú òkun ní orúkọ tí mo fẹ́ràn púpọ̀, àbùùbùtán, ohun tí a ń bù tí a kò lè bù tán. Ní 2002, ní ọ̀gbun Monterey tó wà ní Kalifọ́níà, àwọn onímọ̀ bá òkú àbùùbùtán kan ní nǹkan bí 2,890 mítà, wọ́n sì rí i pé ohun kan ń bù ú tán. Lórí egungun rẹ̀ ni àwọn ekòló kéékèèké hù sí bí irun pupa. Nígbà tí wọ́n la egungun náà, wọ́n bá gbòǹgbò aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀ tó tàn káàkiri bí gbòǹgbò igi nínú ilẹ̀. Òun ló ń tú ásíìdì jáde láti yọ́ egungun, tó sì ń fa oúnjẹ inú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó hàn síta jẹ́ abo. Àwọn akọ kéré débi pé inú ọ̀pá ìyàwó wọn ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Ní 2004 ni wọ́n sọ ọ́ ní Osedax, ìyẹn ajegungun.

Ká ní a ya máàpù Osedax lọ́dún yẹn ni, àmì ẹyọ kan péré ni yóò wà lórí rẹ̀, ní Kalifọ́níà, à bá sì ti sọ pé ẹ̀dá ìlú kan ṣoṣo ni. Ní 2005, wọ́n kéde òmíràn láti etíkun Swídìn, ní nǹkan bí 125 mítà péré, nítorí pé ẹnì kan ronú láti ri òkú àbùùbùtán síbẹ̀ kí ó sì padà wá wò ó. Wọ́n tún rí i ní Jàpáàn, wọ́n sì rí i ní Àńtákítíkà, níbi tí yìnyín wà. Wọ́n ti rí ihò tí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ́ sínú egungun ẹranko òkun tó ti di òkúta láti nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àbùùbùtán kò tíì sí láyé. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí àwọn àgbà ti wí. Ẹ̀dá tó wà láti ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ pè ní ọ̀wọ́n, kìkì nítorí pé egungun díẹ̀ ni a tíì yẹ̀ wò.

Òmíràn tún wà, tí kò sí nínú ẹbí yìí, tí kò tilẹ̀ sí nínú agbo ekòló, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn tó sì rọ̀ bí ekòló. Xenoturbella ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan bọ́ jù sílẹ̀. Láti 1949 tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ìhà Swídìn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2016, wọ́n kéde oríṣi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní nǹkan bí 3,700 mítà.

Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀wọ́n" ló yẹ kí a fara balẹ̀ tú wò báyìí. Láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, pẹ̀tẹ́lẹ̀ abẹ́ òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton, tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́fà Nàìjíríà lọ. Orí rẹ̀ ni òkúta dúdú kéékèèké kún, tí bàbà, níkẹ́lì àti kóbọ́ọ̀tì wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi fẹ́ wà á. Láti mọ ohun tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ibẹ̀, wọ́n máa ń sọ àpótí irin kan sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn, èyí tó ń gé ẹrẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ níhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fà á gòkè fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì fi omi tútù sẹ ẹrẹ̀ náà nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi asẹ́ jọ èlùbọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí asẹ́ ni ekòló òkun wọn. Ìṣirò kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé oríṣi ẹ̀dá tí wọ́n ti rí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ju 5,000 lọ, àti pé nínú mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kò tíì ní orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan péré, nínú àpótí kan péré. Ṣé ibẹ̀ nìkan ló ń gbé, tàbí ó wà káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ṣùgbọ́n tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì? Àpótí kan ṣoṣo kò lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yẹn gan-an ló máa pinnu bóyá wíwa òkúta níbì kan yóò pa ẹ̀dá kan run ráúráú kúrò láyé. Èyí ni kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ máàpù yìí.

Mo fẹ́ kí ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, ni mo bá mú un lọ sí oko ẹ̀fọ́ kan létí odò Asà. Mo ní kó gbẹ́ ibi mẹ́ta. Ó gbẹ́ ọ̀kan nítòsí omi, níbi tí ìgbẹ́ ekòló ti ṣù sórí ilẹ̀ bí ẹ̀kọ tó rún, ó sì bá ekòló mẹ́rin níbẹ̀, tí ọ̀kan ń wọ́ padà sínú ẹrẹ̀. Ó gbẹ́ ọ̀kan sí ojú ọ̀nà tó jẹ́ yangí, ọkọ́ kàn ń dún ni, kò rí nǹkan. Ó gbẹ́ ẹ̀kẹta lábẹ́ ìdọ̀tí ewé, ó rí méjì. Mo ní kó ya máàpù ekòló Ìlọrin. Ó fi àmì sí ibi méjì, ó wo ìwé náà fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá, ibi mẹ́ta péré la gbẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ibú òkun ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 ṣírò gbogbo ibi tí ojú ènìyàn tàbí kámẹ́rà ti rí nílẹ̀ ibú òkun, ó sì sọ pé kò tó 0.001 nínú ọgọ́rùn-ún. Àròpọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Kwara lọ. Nínú ìwọ̀nba tí wọ́n rí yẹn, ó lé ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú omi tó yí orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ká: Amẹ́ríkà, Jàpáàn àti New Zealand. Àwọn ló ní ọkọ̀, àwọn ló sì ní owó tí wọ́n fi ń rán an lọ. Bí ènìyàn bá tún wo máàpù ọmọ Ọ̀fà náà lẹ́yìn tó gbọ́ èyí, yóò rí i pé ibi tí àmì pupa ṣù jọ sí, ìtòsí èbúté ni.

Nígbà tí a padà délé, ó fẹ́ tún máàpù rẹ̀ ṣe. Ó fi pẹ́ńsùlù ya àgbélébùú kékeré sí àwọn ìsun àárín Àtìláńtíìkì, ó kọ "Riftia: a wá a, kò sí" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi àmì pupa tuntun kan sí iwájú Kóńgò fún Escarpia. Ó wá bi mí pé àwọ̀ wo ni kí òun fi kun ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ kámẹ́rà sí, nítorí pé ibẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ní funfun, kó sì kọ ọdún tí a wà yìí sí igun máàpù náà.